Ìgbésí Ayé Thomas Peters: Láti Oko Ẹrú Amẹ́ríkà Dé Ìtẹ̀dó Freetown

Ìfáàrà

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹni tó ń gbé ní Agége tàbí Ìkẹjà lóde òní, tí ariwo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ń jí lójoojúmọ́, lè má mọ̀ pé oko kòkó àti oko obì ló gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá sí i ní ìparí ẹ̀wádún 1950. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó kọ́kọ́ dá oko kòkó ní agbègbè náà ni Kápútẹ́nì James Pinson Labulo Davies. Ìjàn, lẹ́bàá Agége, ni ó dá oko tirẹ̀ sí ní nǹkan bí ọdún 1880. Davies kì í ṣe ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó. Ilẹ̀ Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1828. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Irú wọn ni a mọ̀ sí Sàró nígbà tí wọ́n padà sí ilẹ̀ baba wọn.

Kò lè sí Sàró ní Èkó tàbí ní Agége bí kò bá sí Freetown. Freetown gan-an kò sì ṣàdédé wà. Àwọn tó tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1792 jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó sá kúrò lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn òyìnbó ibẹ̀ ń bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jà fún òmìnira. Ẹni tí ó lọ bẹ ìjọba wò nítorí wọn, tí ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu kí ìrìnàjò náà tó ṣeé ṣe, ni Thomas Peters. Nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni a ti lè rí ìtàn ìtẹ̀dó àti ìṣọ̀tẹ̀ Amẹ́ríkà láti ìhà tí àwọn ìwé ìtàn kì í sábà gbà wò ó, ìyẹn ìhà ti ẹrú.

Ìbí rẹ̀ àti bí ó ṣe di ẹrú

Nǹkan bí ọdún 1738 ni wọ́n bí ọkùnrin yìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu gbà pé ọmọ Ẹ̀gbá ni, láti ìdílé ọlọ́lá. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, nítorí ọdún 1830 ni wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó. Nígbà náà, àwọn ìlú Ẹ̀gbá wà káàkiri nínú igbó, wọ́n sì wà lábẹ́ àṣẹ Ọ̀yọ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ kò dé inú ìwé kankan. Orúkọ àwọn òyìnbó ni ìtàn fi mọ̀ ọ́n.

Ìtàn kan náà sọ pé ní ọdún 1760, nígbà tó ti lé ní ọmọ ogún ọdún, ni wọ́n jí i gbé, tí ọkọ̀ àwọn Faransé sì gbé e lọ sí Louisiana. Wọ́n ní kò gbà kí wọ́n tẹ òun lórí ba. Ó gbìyànjú láti sá lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n nà án, wọ́n sì fi irin gbígbóná sàmì sí i lára. Kì í ṣe gbogbo òpìtàn ló gba apá tó kan Louisiana yìí. Ohun tí àkọsílẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kí ó tó di ọdún 1776, ó ti wà ní ìlú Wilmington, lẹ́bàá odò Cape Fear ní North Carolina, gẹ́gẹ́ bí ẹrú William Campbell, oníṣòwò kan tó wá láti Scotland.

Ilẹ̀ tó bá ara rẹ̀

Nígbà tí Peters fi máa dé Amẹ́ríkà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń tẹ etíkun ilẹ̀ náà dó fún ohun tó lé ní 150 ọdún. Ní ọdún 1607 ni wọ́n tẹ Jamestown dó ní Virginia. Ní 1619, ọdún méjìlá péré lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ kan gbé àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé díẹ̀ ní ogún wá síbẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ oúnjẹ. Ní 1620 ni àwọn ẹlẹ́sìn kan tó sá fún ìnilára nílé gúnlẹ̀ sí Plymouth ní ìhà àríwá. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ìlú amúnisìn wọ̀nyí pọ̀ sí i títí wọ́n fi di mẹ́tàlá. Tábà ni Virginia fi lówó, ìrẹsì ni South Carolina fi lówó. Ní North Carolina, igi páìnì ni wọ́n ń gé. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ojú omi, àti pákó tí wọ́n ń tà káàkiri. Ẹrú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Peters kì í ṣe ẹrú aroko lásán. Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọlọ dunjú, ìyẹn kíkọ́ àti títún ẹ̀rọ tí omi odò ń yí ṣe, irú èyí tí wọ́n fi ń lọ ọkà tàbí tí wọ́n fi ń la pákó. Oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ a máa rìn láti ibì kan dé ibòmíràn, a sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń lọ nígboro. Ọ̀rọ̀ pọ̀ láti gbọ́ ní Wilmington lásìkò náà. Ní ọdún 1765 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin kan jáde pé kí wọ́n máa san owó òǹtẹ̀ lórí gbogbo ìwé tó bá ní láárí. Àwọn ará ìlú kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ìgbìmọ̀ tí àwọn kò ní aṣojú nínú rẹ̀ kò lè bu owó orí lé àwọn. Ní 1773 àwọn ará Boston da ẹrù tíì sínú òkun. Ní oṣù Igbe ọdún 1775 ìbọn dún ní Lexington, ogun sì bẹ̀rẹ̀.

Campbell, ọ̀gá Peters, wà lára àwọn tó ń pariwo òmìnira ní Wilmington. Wọ́n ń sọ pé ọba fẹ́ sọ àwọn di ẹrú. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún wọn, tó ń di ẹṣin wọn mú níta, tó sì ń la pákó wọn, ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn olówó ẹrú pàápàá mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ ọ. Ní ọdún 1775 kan náà ni ìgbìmọ̀ ààbò ìlú Wilmington pàṣẹ pé kí wọ́n gba gbogbo ohun ìjà tó bá wà lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ìlérí àkọ́kọ́

Ní ọjọ́ 7, oṣù Belu ọdún 1775, Lord Dunmore, gómìnà ọba ní Virginia, ṣe ìkéde kan. Ó ní ẹrú èyíkéyìí tó bá jẹ́ ti àwọn ọlọ̀tẹ̀, tó sì lè gbé ohun ìjà, yóò di òmìnira bí ó bá wá dara pọ̀ mọ́ ogun ọba. Kì í ṣe ìfẹ́ ẹrú ló sún Dunmore ṣe é, nítorí òun náà ní ẹrú. Ọgbọ́n ogun ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rì sódò kì í bèèrè ìdí tí wọ́n fi na igi sí òun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrú ló gba ìkéde náà gbọ́.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1776, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́nu odò Cape Fear. Peters sá kúrò nílé Campbell, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ wọn. Ó búra wọ ẹgbẹ́ Black Pioneers, ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbẹ́ kòtò, láti mọ odi, láti la ọ̀nà, àti láti tọ́jú ibùdó àwọn ọmọ ogun. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4, oṣù Agẹmọ, àwọn aṣáájú Amẹ́ríkà kéde òmìnira wọn fún gbogbo ayé, wọ́n sì sọ nínú ìkéde náà pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo ènìyàn. Peters kò dúró gbọ́ ọ. Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ibi tí ó rò pé òmìnira tirẹ̀ wà.

Ó bá ẹgbẹ́ náà rìn láti gúúsù dé Philadelphia àti New York. Ó fara gbọgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì gbé e dé ipò sájẹ́ǹtì. Lójú ogun yìí ló ti fẹ́ Sally, obìnrin kan tí òun náà sá kúrò lóko ẹrú ní Charleston. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan tí wọ́n sọ ní Clairy.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàdánù ogun náà ní Yorktown ní ọdún 1781. Nínú àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní 1783, wọ́n gbà pé àwọn kò ní kó ẹrú àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Ìbẹ̀rù mú àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní New York, nítorí àwọn olówó ẹrú ti ń wọ ìlú wá láti wá ohun tí wọ́n pè ní dúkìá wọn. Ọ̀gágun Guy Carleton ló dúró gbọn-in. Ó ní ẹni tó ti gba ìlérí ọba kí ogun tó parí ti kúrò ní ẹrú, òun kò sì ní dá a padà. Wọ́n kọ orúkọ nǹkan bí 3,000 ènìyàn sínú ìwé kan, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn àti orúkọ ẹni tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Orúkọ Peters, Sally àti Clairy wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Belu ọdún náà ni wọ́n wọ ọkọ̀ kúrò ní New York. Ìjì líle gbé ọkọ̀ wọn lọ sí Bermuda, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lo ìgbà òtútù. Ọdún 1784 ni wọ́n tó dé Nova Scotia, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Kánádà lónìí.

Ìlérí tí kò ṣẹ

Ìlérí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ni pé wọn yóò gba ilẹ̀ oko lọ́fẹ̀ẹ́ àti oúnjẹ títí wọn yóò fi lè bọ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn òyìnbó tó bá ọba jagun. Brindley Town, nítòsí Digby, ni wọ́n fi Peters àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sí. Oúnjẹ oṣù díẹ̀ péré ni wọ́n rí gbà. Ààyè ilé kékeré ni wọ́n fún wọn, ilẹ̀ oko kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ilẹ̀ náà sì kún fún òkúta. Ọ̀pọ̀ wọn ló di alágbàṣe lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó lówó tí kò tó nǹkan. Nígbà tí iṣẹ́ wọ́n, àwọn òyìnbó tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ dìde sí àwọn aláwọ̀ dúdú ní Shelburne ní oṣù Agẹmọ ọdún 1784, wọ́n sì wó ilé wọn. Ẹrú ṣì ń bẹ nínú ìlú kan náà. Ojoojúmọ́ ni ẹni tó ti di òmìnira ń rí ẹni tí wọ́n ń tà.

Ní ọdún tí wọ́n débẹ̀ gan-an ni Peters àti sájẹ́ǹtì ẹgbẹ́ rẹ̀, Murphy Still, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí gómìnà. Wọ́n rán an létí ìlérí ọba. Ìwé náà kò so èso. Ó kọjá lọ sí New Brunswick, ó tún bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, pàbó ló já sí. Ọdún mẹ́fà ni ó fi ń kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí.

Ní ọdún 1790 ó pinnu pé òun yóò lọ bá àwọn tó ni ìlérí náà nílé wọn. Ó tó 200 ìdílé tí wọ́n fi orúkọ wọn sínú ìwé pé kí ó lọ sọ̀rọ̀ fún àwọn. Kì í ṣe ìrìnàjò ìgbafẹ́. Kò lówó lọ́wọ́, ó sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Bí ọkọ̀ bá sì yà ní èbúté tí kò dára, wọ́n lè mú un tà padà sí oko ẹrú. Ó lọ. Ó wọ Lọ́ńdọ̀nù.

Ní Lọ́ńdọ̀nù

Ó wá ọ̀gágun tó ti jẹ́ olórí rẹ̀ lójú ogun, Sir Henry Clinton, rí. Ó tún bá Granville Sharp pàdé, ẹni tó ti ń gbèjà àwọn ẹrú tipẹ́, tó sì gbìyànjú nínú ẹjọ́ James Somerset ní 1772. Sharp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ fi nǹkan bí 400 ènìyàn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú tálákà láti Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìlú dó ní Sierra Leone ní ọdún 1787. Àìsàn pa púpọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1789 ọba ilẹ̀ kan nítòsí dáná sun ibùdó náà. Àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Sierra Leone Company sílẹ̀ ń wá àwọn tó lè tún ibẹ̀ gbé. Peters ń wá ilẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ojú wọn pàdé.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ Peters dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ní ọdún 1791, mínísítà Henry Dundas pàṣẹ pé kí wọ́n fún àwọn tó bá fẹ́ dúró ní Nova Scotia ní ilẹ̀ wọn, kí ìjọba sì san owó ọkọ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ lọ sí Sierra Leone. Ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí 20 éékà ilẹ̀ fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, 10 fún ìyàwó rẹ̀, àti 5 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yan ọ̀dọ́mọdé òyìnbó kan, John Clarkson, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ogun, láti bójú tó ìrìnàjò náà. Peters padà lọ láti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ.

Àwọn òyìnbó Nova Scotia gbìyànjú láti dá wọn dúró, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn alágbàṣe wọn ló fẹ́ lọ. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 15, oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1792, ọkọ̀ 15 kúrò ní Halifax pẹ̀lú nǹkan bí 1,200 ènìyàn. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n kó láti Áfíríkà nígbà èwe wọn wà nínú ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí sínú yìnyín. Àwọn bí 65 kú lójú omi. Ní oṣù Ẹrẹ́nà wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n ṣán igbó, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Freetown, ìlú òmìnira. Ọdún 32 lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí, ọkùnrin náà tún tẹ ilẹ̀ Áfíríkà.

Ìjà àti ikú

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti yan Clarkson ṣe gómìnà. Àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó tó yí i ká ń jà láàárín ara wọn, pípín ilẹ̀ falẹ̀, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìlú ń bèèrè pé ta ni yóò máa ṣàkóso àwọn. Lójú Peters, ẹni tó gba ẹ̀bẹ̀ àwọn ènìyàn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ló yẹ kó jẹ́ agbẹnusọ wọn. Ó tó ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó fọwọ́ sí i pé kó rí bẹ́ẹ̀.

Clarkson kà á sí ọ̀tẹ̀. Ní ọjọ́ 8, oṣù Igbe, ó lu agogo, ó pe gbogbo ìlú jọ sábẹ́ igi ńlá kan, ó sì sọ lójú wọn pé kí ọ̀rọ̀ náà tó parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n so òun tàbí Peters kọ́ sórí igi náà. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn Clarkson, nítorí ó ṣe dáadáa sí wọn lójú ọ̀nà, wọn kò sì fẹ́ kí ó fi àwọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n Peters ti pàdánù. Láìpẹ́ wọ́n tún fẹ̀sùn kàn án pé ó mú ohun kan nínú ẹrù ọkùnrin kan tó kú. Ó ní olóògbé náà jẹ òun ní gbèsè láti Nova Scotia. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì bá a wí ní gbangba.

Ibà òjò kò jẹ́ kó pẹ́ láyé lẹ́yìn èyí. Ní òru ọjọ́ 25, oṣù Okúdù ọdún 1792, oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ìtẹ̀dó, Thomas Peters jáde láyé. Ó fi Sally àti àwọn ọmọ sílẹ̀.

Kí a má ṣe fi àbùkù yìí bo ìtàn rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a má sì fi í pamọ́. Clarkson kì í ṣe ènìyàn burúkú, Peters kì í sì í ṣe áńgẹ́lì. Ohun tó wà láàárín wọn ju ìjà ènìyàn méjì lọ. Clarkson gbà pé àwọn ènìyàn náà yẹ fún òmìnira, ṣùgbọ́n ó gbà pé òun ló yẹ kó máa tọ́ wọn sọ́nà. Peters gbà pé ẹni tí ẹlòmíràn ń tọ́ sọ́nà láìbèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò tí ì dòmìnira.

Ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀

Ìbéèrè náà kò bá a kú. Àwọn ará Freetown ń yan olórí àdúgbò wọn fúnra wọn, àwọn obìnrin tó jẹ́ olórí ilé náà sì ń dìbò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bu owó orí lé ilẹ̀ tí Clarkson ti ṣèlérí fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n kọ̀. Ní oṣù Owérè ọdún 1800 àwọn kan nínú wọn gbé òfin tiwọn jáde, wọ́n sì dìde. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Maroon tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Jamaica ló tẹ̀ wọ́n rì, wọ́n sì so méjì nínú wọn kọ́. Ìjà owó orí tó sọ àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà di akọni nínú ìtàn ni àwọn yìí náà jà. Nítorí wọn kò borí, ọlọ̀tẹ̀ lásán ni ìwé pè wọ́n.

Ní ọdún 1808 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Freetown, ibẹ̀ sì di ibi tí ọkọ̀ ogun ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú sí. Àjàyí Crowther débẹ̀ ní 1822. Àwọn òbí Davies náà débẹ̀. Inú ìlú tí àwọn ará Nova Scotia ti tẹ̀dó, tí wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé sí, ni wọ́n bọ́ sí. Láti ọdún 1839 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Bàdágírì, Abẹ́òkúta àti Èkó, pẹ̀lú ìwé kíkà, iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò. Nígbà tí Davies gbin kòkó sí Ìjàn, gbòǹgbò ohun tó gbìn ti kọjá òkun kó tó dé Agége.

Ìkádìí

Ní ọdún 2011 wọ́n gbé ère Thomas Peters kalẹ̀ ní Freetown. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ère kò ní kíláàsì. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé ní Ìkẹjà tàbí ní Agége mọ̀ pé ọ̀nà kan wà láti etí odò Cape Fear dé àdúgbò rẹ̀, àti pé àwọn tó rin ọ̀nà náà kò jókòó de ẹni tí yóò fún wọn ní òmìnira.

Ìgbà mẹ́ta ni Peters di ìlérí mú. Ó di ti Dunmore mú, ó fi kúrò lóko ẹrú. Ó di ti ọba mú, ó bá a dé Lọ́ńdọ̀nù. Ó di ti ilé iṣẹ́ Sierra Leone mú, ikú kò jẹ́ kó rí òpin rẹ̀. Gbèsè kì í rà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ìlérí ní tirẹ̀ a máa rà, bí ẹni tí wọ́n ṣe é fún kò bá dìde lọ bèèrè rẹ̀.